Irin Tó Yẹ Kó Wà Lókè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí mo ti gbìyànjú títí kí n yọ ọ́ kúrò lọ́kàn, kò yọ. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, á rọra wọlé, á jókòó tì mí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sọ káàkiri Fìdítì pé ọmọ Tíṣà tó lọ kàwé ẹnjiníà ti ya wèrè lókè ilé ìgbẹ̀bí. Mi ò ya wèrè o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo ṣe tán, tí ẹ ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á, mi ò ní bá yín jà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn tó ń kọ́ ilé ló gbà mí, ọ̀gá mi sì ní kí n máa lọ bójú tó ilé ìgbẹ̀bí kan tí à ń kọ́ ní Fìdítì. "Ṣebí ìlú yín ni," ló wí. Ó rò pé oore lòun ṣe mí. Kò mọ̀ pé kò sí ibi tó nira kéèyàn ti jẹ́ ọ̀gá bí ìlú tí gbogbo àdúgbò ti pọ̀n ọ́n rí.

Mo múra sílẹ̀ ṣá. Mo ra akoto funfun. Mo ra bàtà iṣẹ́ tó ní irin lẹ́nu. Bàtà náà tóbi jù mí lọ, torí òun ló kù lọ́jà, ni mo bá ki ìwé ìròyìn bọ iwájú rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó jáde nílé, mo máa ń dúró síwájú dígí, màá fún ojú pọ̀, màá gbé ohùn sísàlẹ̀ ọ̀fun bíi ti ọkùnrin: "Ẹ dúró ná! Ta ló ní kí ẹ ṣe é báyìí?"

Ìyá mi, tí wọ́n wà ní ilé ìdáná, á pariwo pé, "Ta lò ń bá jà láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Ìgboyà ni mò ń kọ́, Mà."

"Wá jẹ ẹ̀kọ kó o tó kọ́ ọ tán."

Níwájú dígí, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú mi. Ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Olórí àwọn bíríkìlà wa ni Bàbá Ràfíù, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré. Àwọn ló kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí mo já sí kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún ṣáláńgá wa, Bàbá Ràfíù ló fò wọlé tẹ̀lé mi tó gbé mi jáde. Nítorí náà, láràárọ̀ tí Ẹnjiníà bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé á bọ́ akoto, á kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jí dáadáa? Ṣé o ti jẹun?"

Wọn á bù nínú mọ́ínmọ́ín wọn fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, èèyàn jẹ mọ́ínmọ́ín bàbá tán, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé iṣẹ́ wọn ò dára?

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìbòjì oníkọnkéré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé náà la fẹ́ dà. Ìbòjì náà ò ní òpó níwájú. Inú ògiri ló ti yọ jáde bí ẹni na ọwọ́ síta, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ìyá ọlọ́mọ yóò máa jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nínú pílàánù, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé apá òkè kọnkéré náà ni kí àwọn irin tó nípọn wà. Mo gun àkàbà lọ wò ó. Irin wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kù díẹ̀ kó kan pákó tí a fẹ́ da kọnkéré lé.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín mi o: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe pé Bàbá ṣìṣe. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mi ò mọ̀wé. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ó pòórá láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo yí pílàánù náà, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo gbé e sókè sí oòrùn, bóyá èmi ni mo dì í mú sódì. Bí mo ṣe yí i tó, òkè ni irin wà.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá. Wọ́n ń fi omi ṣan ojú.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun gan-an. Irin yìí… ó mà pọ̀ o."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ó wá dà bíi pé… ẹ má bínú o… ó dà bíi pé ìsàlẹ̀ ló wà."

"Ìsàlẹ̀ náà kọ́ ni irin ń gbé, ọmọ mi? Ìsàlẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ sí. Ogójì ọdún ni mo ti ń da dẹ́kìn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan ò wó rí. Ìwọ náà á pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wàá gbajúmọ̀, ojú ò ní tì ọ́."

"Àmín!" ni gbogbo àwọn lébìrà dáhùn.

Èmi náà ṣàmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Àdúrà ni wọ́n ṣe fún mi.

Mo ní kí n pe ọ̀gá mi. Ibì kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé níbẹ̀ ni orí òkìtì yanrìn, ni mo bá gun òkìtì náà dókè. Mo ṣàlàyé títí, mo lọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ, mo lọ́ ọ bọ̀.

"Kí ni pílàánù wí?" ni ọ̀gá mi bi mí.

"Ó ní òkè, sà."

"Ibo ni irin wà?"

"Ìsàlẹ̀, sà."

"Kí lo wá ń pè mí fún? Ṣé èmi ni mo wà níbẹ̀ ni?" Ó sì pa fóònù.

Ibi tí mo ti ń wo fóònù bí ẹni tí fóònù gbá létí ni yanrìn ti yẹ̀ lábẹ́ bàtà ńlá yẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì yọ̀ wálẹ̀, ó di inú dúróòmù omi tí a fẹ́ fi po kọnkéré, gbààmù! Ìdí mi ló wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì sì kọ́ síta. Èèyàn mẹ́ta ló fà mí yọ. Múfú, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré, fara balẹ̀ bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀ ń yẹ omi náà wò ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní omi náà dára.

Omi ń ro tó-tó-tó lára mi, ìwé ìròyìn inú bàtà ti di ẹ̀kọ, ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Ràfíù yíjú sí mi. Òfin ibi iṣẹ́ wa ni, a kì í da kọnkéré láìjẹ́ pé ẹnjiníà fọwọ́ sí i, Bàbá kì í sì í fo òfin.

"Ẹnjiníà, ká máa dà á?"

Gbogbo ènìyàn dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ: rárá. Mo wá ohùn tí mo ti ń kọ́ níwájú dígí, mo wá a títí, mi ò rí i. Mo wo ojú Bàbá, mo wo irun funfun wọn, mo rántí kòtò ṣáláńgá. Ẹnu mi là, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ máa dà á, sà. Ó dára gan-an." Èmi ni mo sọ ọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké, àwọn lébìrà ń gbé kọnkéré gòkè ní kọ̀ǹgọ̀, èmi sì lọ jókòó sábẹ́ igi kajú, mò ń sọ fún ara mi pé irin gidi ni, ó ṣeé ṣe kó dúró. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti rí àwòrán irú ìbòjì bẹ́ẹ̀ tó wó. Kì í wó lọ́jọ́ tí wọ́n bá dà á. Ó máa ń dúró, kí gbogbo èèyàn fọkàn tán an, kó tó di ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin aboyún kan tó ń ti oko bọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó fọwọ́ lé ìdí, ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa la máa jókòó síbí yẹn, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá kí n tó bí. Oòrùn ń pa àwa àtọmọ níbi tí à ń lò báyìí."

Kò mọ ohun tó ṣe sí mi. Mo dìde. Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo gun àkàbà, mo dé orí ìbòjì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọnkéré tútù dànù sílẹ̀. Ṣọ́bìrì kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tó ń gbé kọ̀ǹgọ̀ bọ̀ lórí àkàbà sọ ọ́ nù, ó fò sílẹ̀.

"Ẹnjiníà! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ti ya wèrè! Ẹ lọ pe ìyá rẹ̀ wá!"

Ṣọ́ọ̀bù tí ìyá mi ti ń ránṣọ kò jìnnà, mi ò tíì kó ìdajì tí wọ́n fi dé. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n wọ̀. "Yéè! Ta ló fi nǹkan ṣe ọmọ mi?" Wọ́n rí Bàbá Ràfíù tí wọ́n dúró bí òpó, tí iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ń já bọ́ síwájú wọn. Ìyá mi mọ ohun tó kàn. Wọ́n pariwo sókè pé, "Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ kó o bẹ bàbá rẹ!"

Ẹ̀yin ará, wọ́n tọ́ mi dáadáa. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mi ò wo ibi tí mo wà. Orúnkún mi méjèèjì rì wọ inú kọnkéré títí ó fi kan irin. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn fi ọwọ́ bojú. Èmi sunkún. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, tí mi ò ní iyì kankan tó kù tí mo lè pàdánù mọ́, ni ohùn bá dé.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí, ẹ ò sì ní da èyí tó kù. Irin yìí wà nísàlẹ̀, òkè ló yẹ kó wà. Bó bá gbẹ báyìí, ọjọ́ kan á wó lé àwọn ọlọ́mọ lórí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní ó dára."

Múfú pa ẹ̀rọ. Bàbá Ràfíù wò mí títí.

"Sọ̀kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Wá fi hàn mí."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo rí àwọn igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo ṣa méjì. Mo gbé búlọ́ọ̀kù méjì kalẹ̀, mo fi igi kan dábùú orí wọn, mo tẹ àárín rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Bàbá, ibo ló ti ń là?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ìsàlẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dẹ́kìn tí ẹ ti ń dà láti ogójì ọdún nìyẹn. Orí ògiri níbí, orí ògiri lọ́hùn-ún. Ìsàlẹ̀ ni irin rẹ̀ ń gbé lóòótọ́, ẹ ò ṣìṣe." Mo na igi kejì sí wọn, mo ní kí wọ́n di orí kan mú gírígírí, kí ọwọ́ wọn jẹ́ ògiri. Mo tẹ orí kejì sílẹ̀. Ó dún pà! "Èyí ńkọ́, sà?"

Igi náà là lápá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn gan-an. Bàbá lọ mú igi mìíràn fúnra wọn, wọ́n ki orí kan bọ ihò búlọ́ọ̀kù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òkè ló tún là. Wọ́n mú ẹ̀kẹta.

"Ẹ kó o kúrò," ni wọ́n sọ fún àwọn lébìrà, ohùn wọn rọlẹ̀. "Gbogbo ẹ̀. Ẹ fọ irin náà kó tó dì."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àwọn lébìrà ń kó kọnkéré, ìyá mi ń bu omi sí mi lórúnkún torí síméǹtì ti ń jó mi bí ata, ni Bàbá bá jókòó ti wá lórí búlọ́ọ̀kù.

"Ẹnjiníà, bálíkónì ńkọ́? Èyí tó yọ síta lára pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní òpó?"

"Bákan náà ni, sà."

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orí itan. "Mo da ọ̀kan ní Iware," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ ń ṣeré lórí ẹ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi gun ọ̀kadà kan, èmi àti Bàbá, ó di Iware. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orúnkún mi, mi ò lè ká ẹsẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a dé ilé náà, ìyàwó onílé wà lórí bálíkónì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo, àpò àgbàdo méje sì wà lẹ́yìn wọn. Bàbá Ràfíù, tí kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni láì kí wọn títí dórí ewúrẹ́, ò kí ẹnikẹ́ni.

"Gbé àwọn ọmọ yẹn wọlé! Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ kúrò!"

Nígbà tí wọ́n kúrò tán, èmi fúnra mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà òkè wò ó. Níbi tí bálíkónì ti so mọ́ ògiri, ilẹ̀ rẹ̀ ti là láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn onílé ti rí i tipẹ́. Wọ́n rò pé òjò lásán ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, ni wọ́n bá ki àkísà bọ̀ ọ́.

Onílé jáde, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Múráínà, kò lè tó ọjọ́ orí àkọ́bí Bàbá. Bàbá kò wá ọ̀rọ̀ yípo rárá.

"Múráínà, èmi ni mo ṣe é. Irin tó wà nínú ẹ̀, ibi tí kò yẹ ni mo tẹ́ ẹ sí. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe, ohun tí mo mọ̀ ò tó. Ọmọ yìí ló kọ́ mi lánàá."

"Bàbá! Orí ẹ̀ la máa ń sùn sí nígbà ooru!" Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. "Èmi àti gbogbo ọmọ mi!"

"Mo mọ̀. Má bínú sí mi." Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba, ọwọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí Múráínà tó sáré dì wọ́n mú, tó ń pariwo pé rárá, rárá, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gé igi wá láti oko, a sì fi tì í lábẹ́ gbọingbọin. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Bàbá wó o, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tún un dà.

Nígbà tí à ń bọ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, tí mò ń rò pé wọ́n máa yìn mí, Bàbá sọ̀rọ̀ sí mi létí láti ẹ̀yìn.

"Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù? O ti rí i láàárọ̀, o ní ó dára. Ká ní o ò mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá má bínú. Ọ̀wọ̀ tó o bù fún mi yẹn, òun ni ì bá pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Mo sunkún dé Fìdítì, ọlọ́kadà sì rò pé orúnkún ló ń dùn mí.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Mo ti rò pé ẹni tó ní ìgboyà ni ẹni tí ohùn rẹ̀ le, tí kì í ṣìṣe. Àgbàlagbà tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́, tó dúró lójú oòrùn níwájú ẹni tí ó lè bí, tó ní "èmi ni mo ṣe é," òun ló fi ìgboyà hàn mí. Bí ẹnu Bàbá bá lè gbé ìyẹn, kí ló dé tí tèmi ò lè gbé "rárá"?

Kí ẹ má sì rò pé mo wá gbọ́n lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tí a fẹ́ tún ìbòjì náà dà, mo gun òkè, mo yẹ irin wò, mo fi gbogbo agbára pariwo pé kí wọ́n dúró, irin kan dín. Iṣẹ́ dúró. Bàbá gòkè wá, wọ́n ní ká jọ kà á. A kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irin pé pérépéré, èmi ni mo fo ọ̀kan nígbà tí mò ń kà. Gbogbo wọn ń wò mí. Ara mi gbóná títí dé etí.

"Ẹ má bínú," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣìṣe. Ẹ máa dà á."

Múfú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, Bàbá fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àkàbà mú. Ojú tì mí gan-an. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, torí mo rò ó pé ẹ̀rín ò wó lé ẹnikẹ́ni lórí rí.